Ẹran Ológbò Lórí Tábìlì Àna

Ẹran náà ti kí gbogbo ilé káàárọ̀ kí Jabez Entwistle tó lajú. Inú àgbá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń kí wọn. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì wọ yàrá láì kanlẹ̀kùn, bí ẹbí tó wá yáwó. Jabez fà á símú lórí ibùsùn, ó ní, "Hùn-ún. Ó ṣì lè ṣe é."

Keziah ìyàwó rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fi aṣọ dí imú, ó dúró ti àgbá bí ẹni tó dúró ti òkú tí kò lẹ́bí.

"Jabez! Orí ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí ti ní àwọ̀ tí Ọlọ́run ò dá mọ́ ẹlẹ́dẹ̀."

"Àwọ̀ wo?"

"Àwọ̀ ewé."

"Ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ ewé ni? Ohun tó jẹ ló ń fi hàn."

Alápatà ẹlẹ́dẹ̀ ni Jabez, ní òpópónà Gasker, níbi tí èéfín ilé ìhunṣọ kì í ti í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ láyé. Kì í ra ẹran bí àwọn yòókù ti ń rà á. Bí ọjà bá ti ń tú, tí àwọn alápatà tó gbayì bá ti ń wá ibi tí wọn yóò da ìyókù ẹran wọn sí, ìgbà náà ni Jabez máa ń yọjú, á bọ́ fìlà, á ní òun wá bá wọn palẹ̀ mọ́. Á kó orí ẹlẹ́dẹ̀ wálé, á fi ọtí kíkan wẹ̀ wọ́n, á sè wọ́n títí ẹran yóò fi bọ́ lára egungun, á gé e wẹ́wẹ́, á da ata dúdú bò ó bí ẹni da iyẹ̀pẹ̀ sórí sàréè, á bù ú sínú abọ́ kí omi rẹ̀ lè dì. Kọ́bọ̀ kan, abọ́ kan. Ẹran dídì Entwistle ni wọ́n ń pè é. Òun ni gbogbo òpópónà ń fi jẹ búrẹ́dì, torí pé kò sí ẹran mìíràn tí kọ́bọ̀ lè rà nílùú náà.

Nínú ilé Entwistle fúnra rẹ̀, ẹyin ni wọ́n ń jẹ. Kò sẹ́ni tó fòfin de ẹran dídì níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ rí.

Selina, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, ló ń ro ìkòkò. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń rò ó, òórùn náà ti wọ irun rẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tó lè lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilfred Crompton, akọ̀wé ní ilé ìhunṣọ, ti ní òun fẹ́ ẹ. Bóyá imú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, bóyá ìfẹ́ ni, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ó ku kí ìyá Wilfred gbà. Ọ̀sán Sátidé yìí gan-an ni Ìyáàfin Crompton ń bọ̀ wá mu tíì, láti wo ilé, láti wo ìyá, láti wo aṣọ tábìlì, kó tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí kó kọ̀ ọ́. Bó bá gbà, Selina á bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò. Bó bá kọ̀, ìkòkò ló ni ín títí ayé.

"Mo ní sísì kan," Keziah wí, "mo fẹ́ lọ ra ẹja inú agolo fún àna wa."

Jabez gbá tábìlì. "Ẹja! Nílé alápatà! Ṣé o fẹ́ kí obìnrin yẹn lọ sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Entwistle ò lè jẹ ọjà ara rẹ̀ ni? Ẹran dídì mi ló máa jẹ. Kí o fi ewé díẹ̀ lé e lórí."

"Èyí tó jáde látinú àgbá yìí?"

"Èyí tá a sè lánàá. Ata ti bá a wí."

Selina gbójú sókè lórí ìkòkò. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà á jẹ díẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n má baà fura?"

"Èmi kẹ̀? Dókítà ní kí n ṣọ́ra fún ata."

Keziah dá sísì rẹ̀ padà sínú àpò. Ó lọ fa ewé yọ.

Níta, lẹ́yìn àwọn ilé náà, àwọn obìnrin ń sá aṣọ. Ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ wọn lọ.

"Ẹ ti gbọ́ ti Elsie, ọmọ Tabitha Duxbury? Ó ti ń bì láti ìjẹta. Kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́."

"Kí ló jẹ?"

"Kí ni gbogbo wa jẹ?"

"Inú ọkọ mi náà ń kùn láti òru."

"Ẹ dákẹ́ o. Bẹ́ẹ bá lé Entwistle lọ, ta ló tún máa ta ẹran fún wa ní kọ́bọ̀?"

Wọ́n padà sídìí aṣọ wọn. Tálákà mọ ohun tó ń pa á, ṣùgbọ́n ó tún mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Ọgbọ́n kan wà tí òpópónà náà fi ń gba ara rẹ̀ là. Àwọn ilé náà so pọ̀ mọ́ra, ẹ̀yìn ààrò ilé kan ni ẹ̀yìn ààrò ìkejì. Bí wolé-wolé bá ti ẹsẹ̀ bọ òpópónà, obìnrin tó bá kọ́kọ́ rí i á mú irin ìkóná, á kan ẹ̀yìn ààrò, gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n. Ẹni tó wà lódìkejì á gbọ́, á kàn án sí ẹlòmíràn. Kí wolé-wolé tó nu bàtà rẹ̀ ní ilé àkọ́kọ́, ilé ìkẹyìn á ti kó adìyẹ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí Jabez bá ti gbọ́ ọ, á kó abọ́ ẹran pamọ́, á sì gbé páálí kan kọ́ ara àgbá: ẸRAN OLÓGBÒ. Òfin ìlú wọn kò ní kí alápatà má ní ẹran tó ti jẹrà. Kó má fi bọ́ èèyàn nìkan ni. Gbogbo àgbá tó ń rùn nílùú náà, ti ológbò ni. Bí ènìyàn bá ka páálí wọn, á rò pé ìlú ológbò lòun wà, pé àwọn èèyàn díẹ̀ kàn ń bá wọn gbé ni.

Wolé-wolé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kì í ṣe nítorí Elsie. Ọmọ mélòó ni wọ́n ti gbé kọjá ní Gasker nínú pósí tí kò gùn ju àpótí ọṣẹ lọ, wolé-wolé ò wá. Ìyàwó ẹni tó ni ilé ìhunṣọ ló gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gba ibẹ̀ kọjá, tó ní láti fi aṣọ bo imú. Imú kan ṣoṣo! Ó dun ìgbìmọ̀ ìlú dọ́kàn.

Wọ́n kan ẹ̀yìn ààrò. Gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n láti ilé kan dé èkejì, títí ó fi dé ilé Tabitha Duxbury tó fara kan ti Entwistle. Tabitha mú irin ìkóná. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí àga gígùn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó wo ògiri. Ó dá irin náà padà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nítorí náà ni Jabez ṣe ń bu ṣúgà sínú tíì àna rẹ̀ láìmọ nǹkan kan.

Ìyáàfin Crompton ti dé tipẹ́. Obìnrin náà tóbi, òkú ẹyẹ kan tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ wà lórí àkẹtẹ̀ rẹ̀, tó dà bíi pé òun náà ń wo àṣìṣe. Ó ti fi ìka wo eruku lórí pẹpẹ. Ó ti yẹ abẹ́ àwo wò. Ó jókòó, ó gé ẹran dídì kan, ó tún gé òmíràn.

"Ó lágbára," ó wí.

"Ata ni, ìyáàfin."

"Mo fẹ́ràn ohun tó lágbára. Àwọn èèyàn àdúgbò yín yìí ni mi ò lè gbà. Mo rí wọn bí mo ṣe ń bọ̀, ojú wọn funfun bí àmọ̀. Ìjẹkújẹ! Tálákà á kàn máa ki ohun tó bá rí bọ ẹnu." Ó tún gé ìkẹta. "Selina, ọmọ mi, irú oúnjẹ báyìí ni mo fẹ́ kó o máa sè fún Wilfred."

Selina wo ilẹ̀. Keziah mu tíì tó ti tán nínú ife rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tèmi," Ìyáàfin Crompton wí, "ká ṣe é lẹ́yìn Àjíǹde."

Jabez ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti rẹ́rìn-ín ni agogo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún. Ó jáde lọ, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pilling ló bá, wolé-wolé, ọkùnrin tó tinrin bí ọ̀pá agboòrùn. Imú Pilling ní ìwà. Ilé ìpẹran ńlá kan wà lókè lọ́hùn-ún, ti ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn gba ẹnu ilé ìwé. Bí imú yẹn bá débẹ̀, ọ̀fìnkìn á mú un. Ní Gasker, ara rẹ̀ á tún yá.

"Ta ló ni àgbá tó wà lẹ́yìn yìí?"

"Àgbá wo, sà?"

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀."

"Áà! Ẹran ológbò ni, sà."

"Páálí rẹ̀ dà?"

"Atẹ́gùn, sà."

"Ológbò ta ni?"

"Ti àdúgbò."

"Ológbò mélòó ló lè jẹ orí ẹlẹ́dẹ̀ kún àgbá?"

"Wọ́n pọ̀, sà. Wọ́n sì tún ń bímọ."

Pilling tọ́ka sí àwọn abọ́ tó tò sórí káúńtà. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Abọ́ ni ológbò yín fi ń jẹun? Pẹ̀lú ewé lórí?"

"Ológbò ayé ìsinsìnyí ti lajú, sà."

Pilling kò rẹ́rìn-ín. Imú rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Kí Jabez tó dá a dúró, ó ti ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. Abọ́ kan náà, ewé kan náà, àti ẹyẹ orí àkẹtẹ̀ tó tẹ̀ síwájú lórí fọ́ọ̀kì.

"Èyí ńkọ́, Entwistle?" Pilling bèèrè. "Ta ni wọ́n sè é fún?"

Bí Jabez bá ní èèyàn ni, kóòtù ni, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e. Ó wo Keziah. Keziah ń wo aṣọ tábìlì. Òógùn bọ́ lójú Jabez, ó ní:

"Ẹran ológbò náà ni, sà."

Fọ́ọ̀kì bọ́. Ìyáàfin Crompton dìde díẹ̀díẹ̀, bí ìyẹ̀fun tó ń wú.

"Kí lo wí?"

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀."

"Èmi Letitia Crompton? Èmi ni mo jókòó jẹ ẹran ológbò?"

"Ẹ ṣàánú mi! Ẹ sáà ní ẹran ológbò lẹ jẹ!"

"N ò jẹ ẹran ológbò!"

"Ẹ jẹ ẹ́, ìyáàfin, ẹ jẹ ẹ́, mo fojú mi rí i!"

"N ò jẹ ẹ́! Ẹran èèyàn ni mo jẹ!" Ó gbá tábìlì, ife fò. "Kí gbogbo ayé gbọ́! Ẹran èèyàn ni mo wá jẹ nílé yìí!"

Gbogbo ayé gbọ́. Ògiri ilé Gasker kò nípọn ju páálí lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé, Seth Grimshaw tó ń ta èédú pariwo pé, "Yéè! Wọ́n ń jẹ ẹran èèyàn nílé Entwistle o!" Lẹ́sẹ̀kan náà ni bàtà onígi ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bọ̀, tí ojú ti kún ojú fèrèsé.

Pilling ti fa pẹ́ńsù yọ. "Ẹ̀rí yín nìyẹn, ìyáàfin? Pé èèyàn ni wọ́n sè é fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ó dára. Ẹ ó wá dúró níwájú adájọ́, ẹ ó sọ bẹ́ ẹ ṣe jẹ ẹ́, àti iye tẹ́ ẹ jẹ. Ìwé ìròyìn máa ń wà níbẹ̀."

Ìyáàfin Crompton rọra jókòó. Bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe yí padà nìyẹn, láti pupa sí funfun, tí ọ̀rọ̀ náà sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Pilling," ó wí pẹ̀lú ohùn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ ò gbọ́ mi yé. Mo ní ológbò kan nílé. Kì í jẹ ohunkóhun tí mi ò bá kọ́kọ́ tọ́ wò."

"Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta," Keziah wí jẹ́jẹ́.

"Ológbò náà ṣòro láti tẹ́ lọ́rùn!"

Ara tu Pilling. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti obìnrin náà ń lọ, tíì rẹ̀ sì ti ń tutù nílé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹran ológbò. Ó ní kí Jabez gbé páálí rẹ̀ kọ́ dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Jabez ń dúpẹ́, ó ń tẹrí ba fún gbogbo igun ilé. Ìyáàfin Crompton gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní ìgbéyàwó ṣì wà lẹ́yìn Àjíǹde bí ó ti wí, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó máa tún sọ̀rọ̀ ọ̀sán òní mọ́. Bí irọ́ ṣe di àna fún irọ́ nìyẹn. Ilé yẹn gún régé.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Tabitha Duxbury ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, abọ́ Entwistle kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo.

"Elsie jẹ nínú èyí lọ́jọ́bọ̀. Kò tíì jí dáadáa láti àná."

Pilling wo ìwé rẹ̀, ó wo abọ́ náà. "Ẹran ológbò lèyí, obìnrin yìí. O fi ẹran ológbò bọ́ ọmọ?"

"Sà?"

"Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà wo lo kun ilé rẹ lẹ́fun gbẹ̀yìn? Lọ́jọ́ Ajé, màá wá wo ògiri rẹ. Màá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ pẹ̀lú."

Àwọn tó wà lójú fèrèsé mí kanlẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún Pilling láti ṣe nìyẹn. Ìyáàfin Crompton mi orí, ẹyẹ náà mi orí pẹ̀lú rẹ̀. "Mo sọ fún yín," ó wí. "Ìjẹkújẹ."

Tabitha wo abọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé lóòótọ́ ni òun pa ọmọ òun.

Selina dìde.

"Èmi ni mo tà á fún un," ó wí.

"Selina," Jabez wí.

"Ó bi mí pé ṣé ó dáa fún ọmọdé. Mo ní ó dáa. Èèyàn la sè é fún. Kò sí ológbò kankan. Àgbá yẹn ló ti jáde, ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ibi tó ti jẹrà kúrò kí n tó gé e, mo sì ta gbogbo rẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ kọ ìyẹn, sà."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?" Ìyáàfin Crompton ké. "Ṣé o mọ̀ pé Wilfred mi—"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"O ti pa bàbá ẹ!" Jabez wí.

Keziah bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a mẹ́rin, ó gbé e sílẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Ó di Tabitha mú lápá. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọmọ náà," ó wí, àwọn méjèèjì sì jáde.

Pilling ń yí pẹ́ńsù láàárín ìka. "Ọ̀rọ̀ ọmọ lòdì sí ti bàbá," ó wí. "Mo sì ti kọ ológbò. Ẹni tó jẹ ẹ́ tó ṣeé gbà gbọ́ ti ní ológbò ni."

"Ológbò ni!" Ìyáàfin Crompton dìde pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀. "Kò sì sí ìgbéyàwó mọ́! Ọmọ tó tú bàbá rẹ̀ fó, kò gbọdọ̀ wọ ilé m—"

Inú rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó dún. Kì í ṣe ìdún kékeré. Bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí ńlá kọjá lórí pákó ni. Gbogbo ilé wo obìnrin náà. Ó di ikùn mú, ojú rẹ̀ ń wá ilẹ̀kùn.

"Níbo," ó wí, "níbo ni..."

"Ẹ̀yìnkùlé, mà," Selina wí.

Ó sáré. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ṣálángá kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ fún gbogbo ilé tó wà ní ìlà náà, gbogbo ilé náà ló sì ti jẹ ẹran dídì. Wọ́n ti tò débi okùn aṣọ: alágbàfọ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, ọkọ obìnrin tí inú rẹ̀ ń kùn láti òru. Kálukú di ikùn tirẹ̀ mú, kálukú sì ti gba ipò rẹ̀. Seth Grimshaw ló wà níwájú.

"Ẹ yà lọ́nà!" Ìyáàfin Crompton ké.

"A ti ń dúró ká tó rí yín, ìyáàfin."

"Mo ní kẹ́ ẹ yà! Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Seth wò ó láti orí ẹyẹ dé bàtà. "A gbọ́ lójú fèrèsé pé ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ ẹ́, ológbò yín ni. Bó bá jẹ́ ológbò ni yín, ẹ lọ sẹ́yìn ògiri lọ́hùn-ún, iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ níbẹ̀."

"Èèyàn ni mí!" Omi bọ́ lójú obìnrin náà. "Èèyàn ni mí! Mo jẹ ẹ́! Ẹran tẹ́ ẹ jẹ náà ni mo jẹ, mo gé e lẹ́ẹ̀mẹta!"

Pilling ti tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo òpópónà yíjú sí i. Selina dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu pẹ́ńsù ló ń wò. Pilling fi ahọ́n kan ẹnu pẹ́ńsù náà, ó sì fa ìlà pa ọ̀rọ̀ ológbò rẹ́ nínú ìwé rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Seth wí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àwọn tó tò. "Èèyàn a máa tò."

Ìyáàfin Crompton lọ tò sẹ́yìn.